Eré Bọ́ọ̀lù Tí Èrò Kò Fẹ́ Wò

 

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ọmọdékùnrin kan tó ń gbá a lẹ́yìn ilé ìsìn wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun kò ráyè kàwé mọ́. A bínú, a gbé bọ́ọ̀lù náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá wa. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin wá kí wa láti Ìbàdàn, ó rí i níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ ó bá mi wo eré kan. Eré bọ́ọ̀lù ni." A ní àwa kì í wo eré bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà wí nìyẹn."

Orúkọ eré náà ni Friday Night Lights. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2006. Inú ìwé kan tí H. G. Bissinger kọ ní ọdún 1990 ló ti ṣẹ̀ wá, ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Odessa ní Texas. Nínú eré, wọ́n pe ìlú náà ní Dillon. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n á dé akoto, wọ́n á máa kọlu ara wọn bí àgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ìlú ṣe ń gbóná nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Ìlá bá fẹ́ bá ti Òkè-Ìlá tàbí ti Ọ̀rà figagbága, olúwarẹ̀ ti mọ Dillon. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ti tì. Bí wọ́n bá pàdánù, kóòṣì kò ní lè jáde lọ ra epo mọ́tò láìgbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn tó wò ó lọ́dún àkọ́kọ́ tó bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Iye yẹn ju gbogbo èèyàn tí ìkànìyàn ọdún 2006 kà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ, ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń ta ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, kò tó nǹkan. Ní wákàtí kan náà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iléeṣẹ́ ABC ń fi ìdíje ijó Dancing with the Stars hàn, àwọn tó ń wo ijó sì ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ. Àwọn obìnrin gbọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ti àwọn ọkùnrin ni. Àwọn ọkùnrin jókòó láti wo bọ́ọ̀lù, wọ́n rí ọkọ àti aya tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, wọ́n dìde. Eré náà wá dà bí àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

Wọ́n gbé e lọ sí Ọjọ́rú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n gbé e lọ sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ń gbá bọ́ọ̀lù wọn, nítorí náà àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí nílé! Bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi ìpàdé àwọn ìyá sí ọjọ́ ọjà ni. Lọ́dún kejì yẹn kan náà ni wọ́n ki ìpànìyàn bọ inú ìtàn. Landry, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ kan, lu ọkùnrin tó fẹ́ ba ọmọbìnrin kan jẹ́ pa, àwọn méjèèjì sì gbé òkú rẹ̀ jù sódò. Lójú tiwa, ìwákúwàá èrò ni. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà tẹ́lẹ̀ bínú, èrò tuntun kò sì dé. (Kí àwa oníwàásù má tíì rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ti fi iyọ̀ kún ìtàn rí kí ìjọ má baà sùn.) Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún kejì náà sì parí sí apá 15 dípò 22. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti kú nìyẹn.

Àmọ́ ní ọdún 2008, DirecTV, iléeṣẹ́ tó ń fi sátẹ́láìtì gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé bí DStv ti ń ṣe níbí, bá NBC pín ìnáwó rẹ̀. Àwọn oníbàárà DirecTV á kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà ni NBC á wá fi í hàn. Báyìí ló fi dé apá 76, tó sì parí ní oṣù kejì ọdún 2011. Lọ́dún yẹn ni Kyle Chandler, tó ṣe kóòṣì, gba ẹ̀bùn Emmy.

Nílẹ̀ Áfíríkà wa, ọ̀nà mìíràn ni àwọn kan gbà wá èrò fún eré bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìjà ìdìbò tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Kenya ní ìparí ọdún 2007, ẹgbẹ́ Search for Common Ground àti Media Focus on Africa ṣe The Team, ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí oríṣiríṣi ẹ̀yà wà nínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n gbé e ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó de èrò. Wọ́n tún gbé e lọ bá àwọn èèyàn ní àdúgbò wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Dillon. Ní apá àkọ́kọ́, Jason Street, ọmọ tí gbogbo ìlú gbójú lé, ṣubú lórí pápá, kò sì lè rìn mọ́. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Matt Saracen. Bàbá Matt jẹ́ sójà, ó wà lójú ogun ní Iraq. Ìyá bàbá rẹ̀ tó ti ń ṣarán ni ọmọ náà ń tọ́jú. Bí ìlú bá ń hó lé e lórí ní pápá, wọn kò mọ̀ pé òun ló se oúnjẹ ìyá àgbà kó tó jáde. Nígbà tí ibẹ̀ dé, ojú wa lọ sí bọ́ọ̀lù tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kóòṣì Taylor fúnra rẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ apá ibi tí àwọn tálákà ń gbé. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ wọn, àwọn ọmọ náà fara pa débi pé nígbà ìsinmi àárín eré, ó ní ó tó, kí wọ́n gbà pé àwọn ti pàdánù. Àwọn ọmọ gan-an bínú sí i. Ní ìparí pátápátá, Tami ìyàwó rẹ̀ rí iṣẹ́ ńlá ní Philadelphia. Ọdún 18 lobìnrin yìí ti fi ń tẹ̀lé ọkọ láti ìlú dé ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ ló tẹ̀lé e. Ìyá àwọn ọmọ wa, tó ti bá wa ṣí lọ sí ibùdó iṣẹ́ ìránṣẹ́ márùn-ún, yíjú wò wá. A ṣe bí ẹni tó ń wá awò ojú rẹ̀.

A kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe eré ọmọdé. Ọtí wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bá ara wọn sùn. Kí òbí kọ́kọ́ dá a wò.

Lẹ́yìn tí ọmọ wa padà sí Ìbàdàn, a lọ kí ìyá tó fẹjọ́ sùn yẹn nílé. A bi í léèrè ohun tí a kò bi í lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó ní bàbá ọmọ náà ló ra bọ́ọ̀lù yẹn fún un kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ó ti di ọdún méjì, kò tíì padà wálé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a dá bọ́ọ̀lù náà padà. A bá wọn ṣe àdéhùn pé láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni, lẹ́yìn ìyẹn ìwé. Ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá a lè bá wọn ṣe réfírì. A ní kí wọ́n lọ wá fèrè wá.