Àrùn Yírùnyírùn Kò Mọ Odò Ọya ní Ààlà

Nígbà tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ wá, àgbẹ̀ Ìwó mọ ohun tí ó tọ́ ní ṣíṣe. Òun a ro etí oko kòkó rẹ̀ yíká kí iná ìgbẹ́ má baà jó o. Òun a fi ewé tútù bo obì rẹ̀ nínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ a sì fi òrí pa ara àwọn ọmọ kí awọ wọn má baà sán. Ṣùgbọ́n awọ kan wà tí ọyẹ́ ń sán tí òrí kò lè dé, èyíinì ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú imú àti ọ̀fun. Ibẹ̀ ni àrùn yírùnyírùn ń gbà wọ inú ara, àrùn tí í mú kí ọrùn aláìsàn gan bí igi, tí ó sì lè pa ọmọ tí ó ń ṣeré ní òwúrọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó gbà pé àrùn àwọn ará Òkè Ọya nìkan ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn rẹ̀, wọn a káàánú, wọn a sì gbàgbé. Èrò yìí kò ṣàì ní ìdí. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ó nà láti Senegal ní ìwọ̀-oòrùn títí dé Ethiopia ní ìlà-oòrùn ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ ti ń jà jùlọ. Ní ọdún 1996, ó mú ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 11,000 lọ. Ní ọdún 2017 ó tún dìde. Ó mú ju 14,000 lọ, ó sì pa ju 1,100 lọ, Zamfara ni ó sì jìyà jùlọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti fura sí àrùn náà ní ọdún yẹn, a ka Ọ̀ṣun mọ́ wọn, a sì ka Èkó pẹ̀lú. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọkọ̀ tí ó gbé obì lọ sí Kano kì í padà lófìfo. Alùbọ́sà, ẹ̀wà, màlúù àti ènìyàn ni ó ń kó bọ̀. Odò Ọya kò dá ọkọ̀ dúró, kò sì lè dá àrùn dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èrè nínú sísá fún àlejò. Kòkòrò tí ń fa àjàkálẹ̀ yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní meningococcus, ara ènìyàn nìkan ni ó ń gbé. Nínú 100 ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, láti orí ẹni 1 títí dé ẹni 10 lè máa gbé e kiri nínú ọ̀fun láìmọ̀, kí ó má sì ṣe wọ́n ní nǹkankan. Ikọ́, sísín àti itọ́ ni ó fi ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, pàápàá láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan. Nínú àwọn díẹ̀ ni ó ń ré kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì dé awọ tí ó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé e wọlé lè jẹ́ ọmọ ilé gan-an.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2017, gómìnà Zamfara ìgbà náà sọ ní gbangba pé ìwà àgbèrè àwọn ènìyàn ni ó fa á. Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ yára ṣe àmín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa léèrè nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú pé ta ni ó ṣẹ̀. Olúwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ìdílé náà, ṣùgbọ́n ó la ojú rẹ̀. Ilé tí ó ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ nígbà tí ọmọ ń jóná fún ibà ń fi àkókò ìwòsàn ṣòfò.

Àkókò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìdádúró ni ó ń pa ju bí a ti rò lọ, nítorí pé àrùn náà ń wọlé ní aṣọ ibà lásán. A ó ra oògùn ibà lọ́jọ́ kìíní, a ó se àgbo lọ́jọ́ kejì, a ó gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹrin a kò ní ọmọ mọ́. Kí olúkúlùkù òbí mọ àmì rẹ̀: ara gbígbóná lójijì, orí fífọ́ kíkan, ọrùn gígan, èébì, ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ìrànrán tàbí gìrì. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè má gan. Ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ rẹ̀ lè wú sókè, kò sì ní fẹ́ mu ọmú. Bí àmì ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára, kí a wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ẹnu, nítorí kì í tètè hàn lára ènìyàn dúdú.

Ẹni tí ó bá ní àmì wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní wákàtí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Dókítà yóò fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa kòkòrò. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó mú ni ó ń kú. Bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, àwọn tí ó pọ̀ jùlọ ni ó ń yè. Síbẹ̀ nínú ẹni 5 tí ó yè, ẹnìkan lè di adití tàbí kí ó ní àbùkù mìíràn. Kí àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n lo oògùn.

Ìdènà dára ju ìwòsàn lọ. Ní ọdún 2010 ni a bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára titun fún irú A ní Burkina Faso, ó sì dé Nàìjíríà ní ọdún 2011; irú A, tí ó ti jẹ́ apani jùlọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tí ń dènà irú márùn-ún, A, C, W, Y àti X, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá. Nígbàkigbà tí abẹ́rẹ́ bá dé àdúgbò, kí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí jọ ké sí àwọn ènìyàn wọn. Kí ó tó dé, kí àwọn alàgbà ṣí fèrèsé ilé ìsìn sílẹ̀ ní òru àìsùn ọdún titun, bí eruku tilẹ̀ ń wọlé. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé ọgbà sùn fún ara wọn pinpin.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Àgbẹ̀ tí ó ń ro etí oko rẹ̀ kí iná tó dé kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò dá iná náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ó ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ṣọ̀wọ́n fún un ju kòkó lọ.