Ìgò Oògùn Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú wa yóò sọ pé kí ni ti eré nínú ìwé ẹgbẹ́. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n mú sùúrù fún mi, nítorí eré yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sì ti rí i báyìí pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Skyrim ni wọ́n ń pe eré náà. Ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n sì gbé e jáde. Bí ìtàn ọdẹ ló rí. Akọni kan ṣoṣo ni yóò wọ ilẹ̀ olókè tó kún fún yìnyín, tí yóò máa bá dírágónì jà, tí yóò máa bá òkú tó jí dìde nínú ihò àpáta wọ̀yá ìjà, tí àwọn ọlọ́ṣà yóò sì máa dènà dè é. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí eré náà gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ìjà lọ ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀. Akọni náà lè kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ó lè kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn, ó sì lè kọ́ bí a ti í fi ọfọ̀ sí ara idà àti ẹ̀wù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe é rí. Ní ìdí àgbẹ̀dẹ, òkúta kan wà tó ń yí, òun ni a fi ń pọ́n ohun ìjà. Tábìlì iṣẹ́ kan sì wà tí a ti ń tún ẹ̀wù ìhámọ́ra ṣe. Irú ohun tí a fi rọ nǹkan náà ni a fi ń tún un ṣe: idà irin ń fẹ́ ègé irin kan, idà irin líle ń fẹ́ ègé irin líle kan. Ẹni tó bá fẹ́ ègé irin líle, àfi kó yọ́ òkúta irin kan pọ̀ mọ́ òkúta kọ́rọ́ńdọ́ọ̀mù kan nínú iná. Bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ bá ṣe ń mọ iṣẹ́ sí i ni idà rẹ̀ yóò máa gòkè láti ìpele kan sí èkejì, títí yóò fi dé ìpele kẹfà, èyí tí wọ́n ń pè ní Legendary. Idà tó bá ti ní ọfọ̀ lára kò sì ṣe é pọ́n, àfi bí ẹni náà bá ti mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ dé ìwọ̀n 60 nínú 100, tó sì ti yan ẹ̀bùn tó wà fún un.

Ti oògùn ni ó dùn mọ́ mi jù. Ewé kọ̀ọ̀kan, egbò kọ̀ọ̀kan, òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ní agbára mẹ́rin nínú. Bí akọni bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, yóò mọ èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyókù di ohun tí yóò máa pò wò. Nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí agbára wọn bá bára mu ló ń di oògùn. Òdòdó búlúù orí òkè pẹ̀lú àlìkámà, ó di oògùn tó ń wo ọgbẹ́ sàn, tó sì ń fi kún okun ara. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń ta ewé àti egbò lọ́jà kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àbúrò wa dà? Oṣù kẹsàn-án ló dé sí ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti í rí: yàrá kan, fèrèsé kan, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí ìdajì ọjọ́ tó lọ. Eré yìí ló fi ń dá ara rẹ̀ lára yá lálẹ́. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ẹni tó jẹ́ ọdẹ nígbà ayé rẹ̀, ló fún akọni náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi wa òkúta tó fi rọ idà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi já gbogbo ewé tó fi se oògùn. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é.

Nígbà tó yá, ó bá dírágónì kan pàdé ní orí òkè, dírágónì náà sì pa á. Ó tún lọ, ó tún pa á. Ìgbà kẹsàn-án ló pè mí pé kí n wá wo ohun tí ojú òun ń rí. Mo ní kó ṣí àpò akọni náà kí n wò ó. Ẹ̀yin ará, ìgò oògùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo kà nínú àpò yẹn! Ìgò kọ̀ọ̀kan wọn ìdajì ìwọ̀n kan, nítorí náà ìwọ̀n 42 nínú 300 tí akọni lè gbé ló jẹ́ oògùn tí kò mu. Ègé irin líle mẹ́tàdínlógún sì tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni idà irin líle tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fojú kan òkúta ìpọ́n rí.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò mu oògùn wọ̀nyí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo tọ́jú wọn de ìgbà tí ọ̀ràn bá le ni.”

Mo ní, “Dírágónì pa ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ọ̀ràn kò tíì le tó?”

Mo ní, “Idà ńkọ́?” Ó ní òun ń dúró de idà tó dára jù èyí lọ kí òun tó ná irin òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nínú eré yìí, bí ẹ bá ṣí àpò láàrin ìjà, gbogbo nǹkan á dúró: dírágónì á dúró, iná ẹnu rẹ̀ á dúró, títí ẹ ó fi mu ohun tí ẹ bá fẹ́ mu. Kò lè sọ pé àyè ni kò sí.

Àìsàn yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan o. Àwọn tó ń ṣe irú eré báyìí mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn kan sì ti wá egbòogi fún un. Nínú Dark Souls, tí ilé-iṣẹ́ FromSoftware ní Jàpáànù gbé jáde ní 2011 bákan náà, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n fún akọni, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò sì mu nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá jókòó ti iná ìsinmi, ìgò náà á tún kún. Bó bá fi ohun tó yẹ bọ́ iná náà, márùn-ún á di mẹ́wàá, ó sì lè dé ogún. Nítorí pé ó ń padà kún, kò sí ẹni tó ń ṣahun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọni bá ti sinmi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀tá tó ti pa yóò jí padà. Nínú The Witcher 3, tí àwọn ará Pólàǹdì ṣe ní 2015, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó se oògùn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí akọni bá jókòó ṣe àṣàrò, ọtí líle inú àpò rẹ̀ ni yóò fi sọ gbogbo oògùn náà dọ̀tun. Bó bá sì mu ún lámujù, oró rẹ̀ á kó sí i lára. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ: mu oògùn rẹ, ṣùgbọ́n mọ ìwọ̀n.

Ibi ìwọ̀n yìí ni èmi alára ti kọsẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò wa ń lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ lè rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ dírágónì yìí.” Ọgbọ́n tí mo dá nìyí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí Skyrim mọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ ní ibi tó ti ń jò. Oògùn kan wà tó yẹ kó máa fi kún agbára ìwòsàn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mu ún, tí ẹ bọ́ òrùka àti ìbọ̀wọ́ tó ní ọfọ̀ ìṣègùn, tí ẹ sì tún kó wọn wọ̀ padà, ọfọ̀ ara wọn á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ó wá fi agbára yẹn se òmíràn tó ju ti àkọ́kọ́, ẹ ó mu ún, ẹ ó bọ́, ẹ ó wọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí yóò kọjá ohun tí ẹnu lè kà.

Mo fi agbára yìí se oògùn tó ń mú ọwọ́ alágbẹ̀dẹ le, mo mu ún, mo sì pọ́n idà ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀wù ìhámọ́ra ní ààlà tirẹ̀: bó ti wù kó le tó, kò lè gbà ju 80 lọ nínú 100 ìyà tí ọ̀tá bá fi jẹ akọni. Idà ni kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Mo pọ́n ọn, mo fi eré náà pamọ́, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀ pé mo ti ṣe oore.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dé. Ó jókòó, dírágónì bà, ó sá a ní idà ẹ̀ẹ̀kan péré, dírágónì ṣubú lulẹ̀ gbìì. Mo pàtẹ́wọ́. Òun kò pàtẹ́wọ́. Ó lọ bá òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó lọ bá òmìrán kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó gbé ẹ̀rọ ìdarí sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni tèmi wà?”

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé orí tirẹ̀ ni mo fi tèmi lé nígbà tí mo ń fi eré náà pamọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ti lọ. Akọni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe láyé. Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Inú bí mi. Mo ní ẹni tí a bá ṣe lóore, ó yẹ kó dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó gbà mí kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, tí a ń fi bébà àti dáìsì ṣe lórí tábìlì, idà alágbára inú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ +1 sí lára. Ọ̀kan ṣoṣo ni àlékún náà! Síbẹ̀ ẹni tó bá rí i yóò yọ̀, nítorí pé ọ̀kan yẹn lè yà á kúrò lọ́wọ́ ikú ní ìgbà tí ìjà bá gún régé. Àlékún dùn nígbà tí ọ̀tá ṣì lè dá ẹni lóhùn. Bí ọ̀tá kò bá lè dáhùn mọ́, idà ti parí iṣẹ́, eré náà ti parí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo se ìrẹsì àti ẹran díndín, mo gbé e lọ sí yàrá rẹ̀, mo sì tọrọ gáfárà. Ó gbà á. Ó sọ fún mi pé òun ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ kan náà. A jókòó, a sì jọ fẹnu kò sí nǹkan mẹ́rin, tí mo kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú eré yìí.

Èkínní, ẹ pọ́n idà tó wà lọ́wọ́ yín lónìí. Ègé irin líle kan ni yóò ná yín, idà náà kò sì ní wúwo jù bó ti wà lọ.

Èkejì, bí oògùn yín bá ti ju èyí tí ẹ lè lò nínú ìjà ńlá méjì, ẹ tà nínú rẹ̀. Owó wúrà kò ní ìwọ̀n nínú àpò.

Ẹ̀kẹta, ẹ mu oògùn alágbẹ̀dẹ kí ẹ tó dé ìdí òkúta ìpọ́n. Agbára oògùn náà yóò kúrò lára yín láìpẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú idà kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni tèmi: ẹ má ṣe pọ́n idà ẹlòmíràn kọjá ibi tó ní kí ẹ pọ́n ọn dé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Dírágónì orí òkè yẹn ti kú. Ó ní ó pa òun lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí òun tó pa á, òun sì mu ìgò oògùn mọ́kànlá nínú ìjà tó kẹ́yìn. Mo bi í pé mélòó ló kù nínú àpò. Ó ní méjì. Ẹ̀rín tí ó rín, mo gbọ́ ọ dáadáa lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ra aṣọ òtútù tuntun, tí ẹ gbé e sínú àpótí de ọjọ́ pàtàkì, ẹ lọ gbé e wọ̀. Òtútù ti dé. Ó dìgbà kan ná o.