Ìfẹ́sọ́nà àti Owó Ẹyọ Mẹ́fà

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá ni a pè mí láti wá jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà méjì kan, kí a lè parí aáwọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ti ń fẹ́ ọmọbìnrin yìí sọ́nà fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Ọmọbìnrin náà sì wá wí pé òun kò lè fẹ́ ẹ. Èyí kì í ṣe ohun tuntun lábẹ́ ọ̀run. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí a ní kí ọkùnrin náà rojọ́ tirẹ̀, ó yọ ìwé kan láti inú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: fóònù kan, àti iye rẹ̀, aṣọ àǹkárá mẹ́ta, àti iye wọn, owó ilé tí ó san ní àkókò ìdánwò, owó ọkọ̀, ẹran súyà, títí dé orí omi inú ike tí wọ́n mu ní ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ wo bọ́ọ̀lù. Kò gbàgbé ohunkóhun. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ kò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó kà á tán, gbogbo wa dákẹ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó wí pé: "Ẹ̀yin bàbá mi, gbogbo ohun tí ó kà ni ó ṣe, èmi kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí mọ́ ọn kò sí nínú ìwé yẹn." A bi í pé kí ni ohun náà. Ó ní ní ọjọ́ kan, àbúrò òun ọkùnrin wá kí òun, òjò sì ká a mọ́ ibẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ ọ̀nà ibùdókọ̀. Ọkùnrin yìí ni ó fi agbòjò bo ọmọ náà, ó bá a rìn dé ibẹ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi gbéra, ó sì padà wá tí aṣọ ara rẹ̀ rin gbindin.

Mo wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ti gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni ó ti jẹ́ tí fóònù àti aṣọ àti owó ilé kò fi rí ọ̀dọ́bìnrin yìí mú, tí agbòjò tí a gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un? Èrò tèmi ni èyí, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní èyí tí ó sàn jù, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú wa. Ohun kékeré a máa fa ọkàn ènìyàn, kì í ṣe nítorí pé ó kéré, bí kò ṣe nítorí pé ó fi ẹni tí a ṣe é fún sílẹ̀ ní òmìnira. Ẹni tí a bá fún ní ẹ̀bùn olówó ńlá ti di onígbèsè kí ó tó ṣí páálí rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń rín ín sí tàbí ẹ̀bùn. Àní òun tìkára rẹ̀ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sin àbúrò rẹ̀ dé ibùdókọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ó bá wù ú, kí ó fẹ́ràn olúwa rẹ̀. Bí kò bá wù ú, kí ó dúpẹ́, kí ó sì máa lọ. Nítorí náà, bí ó bá dúró, a mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ní ayé ìgbà tí a ṣì ń ná owó ẹyọ, tí ìwé kíkà kò sì tíì wọ ilé wa, àrokò ni a fi ń ránṣẹ́ sí ara wa. Àwọn Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n dáradára, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù fi tẹ àlàyé nípa àrokò wọn jáde ní ọdún 1887 fún àwọn Òyìnbó láti kà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, yóò sín owó ẹyọ mẹ́fà sí okùn, yóò sì fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ: bí ó ti rí lára rẹ ni ó rí lára mi, ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí kò bá sì gbà, ó lè dákẹ́, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ẹyọ mẹ́fà jẹ́. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. 2,000 ni ẹgbàá. 20,000 ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ kan péré lè fi ẹ̀fà ẹ̀fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí ó lé ní 3,300 kí owó rẹ̀ tó tán (Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí a rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀). Kò sí ọmọ tí a lè fi ẹyọ mẹ́fà rà. Kò sí ìyá tí yóò pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pé, "Gbogbo owó tí ó ti ná lé ọ lórí ń kọ́?" Ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ẹ̀fà kan náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́, gbogbo agbára iṣẹ́ náà sì wà nínú pé ẹni tí ó rán an fara balẹ̀ mọ ẹni tí ó ń rán an sí.

Mo mọ̀ pé ìwé oṣooṣù wa yìí fẹ́ràn láti máa yin ìgbà àtijọ́, èmi pẹ̀lú sì wà nínú àwọn tí ń yìn ín. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe purọ́ fún ara wa. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, yóò rí i pé àwọn obìnrin ilé ni ó sábà máa ń wá ìyàwó fún ọmọkùnrin wọn, àti pé láti ìgbà èwe ni a ti ń fi ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fún ọkọ. Iṣu ọdọọdún, igi ìdáná, ọ̀wẹ̀ ní oko àna: àwọn òbí ni a fi gbogbo rẹ̀ ń tù lójú, ọmọbìnrin náà ni a sì fi ń san án. Nígbà tí ó bá fi di ọmọge, ilé baba rẹ̀ ti jẹ iṣu ọkùnrin náà fún ọdún mẹ́wàá. Ta ni yóò gbọ́ bí ó bá wí pé òun kò fẹ́? Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti kọ́ ìwé ìṣírò tí ó kà sí wa létí. Ilé wa ni ó ti kọ́ ọ. Ẹyọ mẹ́fà àti ìṣírò iṣu, ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde wá, àwa ni a ó sì yan èyí tí a ó fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Ní ti ẹjọ́ náà, a ní kí ọmọbìnrin dá fóònù padà, a sì pa gbogbo ìyókù rẹ́. Inú ọkùnrin náà kò dùn. N kò lè dá a lẹ́bi tán, nítorí ohun tí gbogbo ayé ń wí sí i létí ni pé bí kò bá ná owó, kò tíì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ó jẹ gbèsè nítorí díẹ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹnìkan yóò wí nísinsìnyí pé Àlùfáà ń gbè lẹ́yìn ahun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ahun kì í fún ni ní ńlá, kì í sì í fún ni ní kékeré. Bí ẹni tí o ń fẹ́ sọ́nà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tí owó oògùn sì wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe gbé òdòdó lọ síbẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ bí a ti í fún ènìyàn ní nǹkan láìdè é lókùn. Bóásì mọ̀ ọ́n. Nínú orí kejì Ìwé Rúùtù, ó pàṣẹ fún àwọn olùkórè rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ sílẹ̀ láti inú ìtí ọkà fún obìnrin àlejò náà, kí wọ́n má sì ṣe bá a wí. Rúùtù sì ṣà á bí ẹni tí ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, títí ó fi di òṣùwọ̀n éfà kan ní ìrọ̀lẹ́ (éfà yẹn kò bá ẹ̀fà tiwa tan o, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́). Bóásì ní oko, ó ní ìránṣẹ́. Ó lè rọ ọkà kún àpò kí ó sì jẹ́ kí gbogbo Bẹ́tílẹ́hẹ́mù rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtakò tí ó le jù èyí lọ ni ti ẹlẹ́tàn. Òtítọ́ ni pé ọlọgbọ́n àrékérekè lè kọ́ gbogbo ohun kékeré wọ̀nyí bí apẹja ti ń kọ́ irú ìjẹ tí ẹja fẹ́. Fún àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́, ọ̀nà méjì ni mo máa ń fi hàn. Ẹ wò ó bí ó ti ń bá ẹni tí kò lè ṣe é ní oore lò: obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ, awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun kan fún un, ohun tí kò tó nǹkan, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ẹlẹ́tàn lè fara da ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n "rárá" a máa há a lọ́fun.

Àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú a máa bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí a ṣe?" bí ẹni pé mo ní egbòogi. Mo ní kí wọ́n dé ní àkókò tí wọ́n dá. Bí ó bá wí fún ọ ní ọjọ́ Ajé pé òun ní ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀, bèèrè rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Nísinsìnyí tí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alárinà, kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni kò tíì rí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn pé rí láti ìgbà tí a ti bí wọn. Mọ oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe yára láti máa fi pè é, nítorí ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ẹ sì wo àwọn oríkì náà: Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́. Kíkẹ́ ni gbogbo wọn ń wí, kíkẹ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tí a ń fi ìlù àti ayàwòrán ṣe. Èyí kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ o. Ẹyọ mẹ́jọ ju mẹ́fà lọ, ọwọ́ obìnrin ni ó sì ti ń wá.

Kí ẹ má bàa rò pé inú ìwé ni mo ti kọ́ gbogbo èyí, ní ọdún 1996 mo jẹ́ olùkọ́ ní ìletò kan tí iná mànàmáná kò tíì dé, mo sì rí ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ní ìletò kejì. Mo fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó oṣù mi ra aago ọwọ́, mo fi rán ọ̀rẹ́ kan sí i. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà ni ó fi dá a padà. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Aago náà dára. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìbéèrè tí yóò máa bi mí bí mo bá so ó mọ́ ọwọ́." Ojú tì mí púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìpàdé àwọn olùkọ́ gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn, mo sì rí i pé ìgò àtùpà rẹ̀ ti sán, ó fi bébà lẹ̀ ẹ́, èéfín sì ti mú ojú ìwé tí ó fi ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ dúdú. Ní ọjọ́ ọjà mo ra ìgò àtùpà kan, mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, mo sì fún un pé, "Fún àtùpà yín ni." Mo padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó fi ọsàn ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mo mọ ìtumọ̀ àrokò yára kà wọ́n. Méje ni! Mo tún wọn kà. N kò sùn dáradára ní òru ọjọ́ náà, kí ó tó di pé mo gbọ́ pé ọmọ tí ó gbé wọn wá ti jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ìgò náà wà pẹ̀lú wa títí ọmọ wa kejì fi fọ́ ọ.

Ní àná, kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Olóòtú, mo kà á sí ìyá àwọn ọmọ mi létí. Ó gbọ́ ọ dé ibi ìgò àtùpà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ṣé ìgò ni ẹ rò pé ó ṣe é láti ọdún yìí wá? Ní ọjọ́ kẹta tí mo dá aago yín padà, a pàdé ní ọjà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ẹ kí mi bí ẹ ti máa ń kí mi tẹ́lẹ̀, ẹ bèèrè àlàáfíà ìyá mi, ẹ kò sì dárúkọ aago rárá. Ọjọ́ náà ni."

Èmi kò tilẹ̀ rántí pé a pàdé ní ọjà.