Ọba Kì í Mú Ọ̀kọrin

Ẹ̀yin ọmọ Àwórì, ọmọ Ògúnfúnminírè tó tẹ̀ lé àwo títí àwo fi rì ní Ìṣẹrì, àti ẹ̀yin tí ẹ wá tẹ̀dó sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò tí ibẹ̀ sì di ilé yín, mo kí yín níbi tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Àwọn baba wa ní ọba kì í mú ọ̀kọrin, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlú tí akéwì rẹ̀ bá ń wo ojú ọba kó tó la ẹnu, ìgbà tí iná bá dé orí àjà ààfin ni ọba yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òórùn èéfín.

Oníròyìn ni ọ̀kọrin òde òní, ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari gbé Àṣẹ Kẹrin jáde, òfin tí kò bìkítà bóyá òótọ́ ni oníròyìn kọ, bí ohun tó kọ bá ṣáà ti lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun ni wọ́n fi rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, ti ìwé ìròyìn The Guardian, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn lórí.

Láyé ìjọba ológun Abacha ńkọ́? Mo rántí bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ìkòtún, tó máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, kó tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tó tẹ́ sórí tábìlì, tí yóò yọ Tempo, ìwé ìròyìn tí ìjọba kò fẹ́, jáde, tí yóò fi Daily Times, ìwé ìròyìn ìjọba, wé e kó tó nà án sí oníbàárà. Ẹni tó rà á kò ní ṣí i títí yóò fi délé.

Àwọn ológun ti lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọlọ́pàá mú Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn, ní Èkó, wọ́n gbé e dé Àbújá, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n sì kà sí i lọ́rùn. Síbẹ̀, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jùlọ kì í ṣe àtìmọ́lé, owó ìpolówó ọjà ni. Ìjọba tó ń sanwó láti fi ìkíni ọjọ́ ìbí kún ojú ewé ìwé ìròyìn kò nílò àṣẹ kankan mọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Ta ni yóò wá bá wa béèrè ọ̀rọ̀ àkìtàn Soluos ní Ìgàndò, tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn ìyá wa lóru?

Àwa tí à ń ka ìròyìn ilé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀, nítorí oníròyìn tí àwa òǹkàwé kò bọ́, ìjọba ni yóò bọ́ ọ. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, màá dábàá pé kí a yọ nínú owó àjọ ọdún, kí a fi san àsansílẹ̀ ọdún kan fún ìwé ìròyìn tó bá ń rán akọ̀ròyìn dé Ìgàndò.