ÌLERA ÌDÍLÉ: Nígbà Tí Ọkàn Kò Bá Lù Déédéé

Bí onílù bá ṣi ìlù lù, ẹsẹ̀ oníjó á dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn wa rí. Ẹlòmíràn á ní, “Àyà mi ń lù kìkì,” á sì kà á sí ọwọ́ ayé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè fà á.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú lára ọmọdé lè bà wọ́n jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ibà á dé, oríkèé ara á wú. Ara ọmọ á yá, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ lè ti kù sí ilẹ̀kùn ọkàn. Ní ọjọ́ iwájú, ilẹ̀kùn náà á le, á sì fún. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa, yàrá òkè ọkàn á fẹ̀, lílù rẹ̀ á sì dàrú.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró sójú kan a máa dì. Bí èyí tí ó dì bá gun orí lọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fúnni ní warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní 2022, ìwádìí INVICTUS, tí ó kó ènìyàn tí ó lé ní 4,500 jọ ní orílẹ̀-èdè 24, fi hàn pé fún irú àìsàn ọkàn yìí, ikú kéré láàrin àwọn tí ń lo warfarin ju àwọn tí ń lo oògùn tuntun, rivaroxaban, lọ. Ẹ má ṣe fúnra yín pààrọ̀ oògùn.

Ẹ máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò. Ẹ má ṣe jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lónìí, kí ẹ pa á tì lọ́la, nítorí ó ń yí agbára warfarin padà. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó gba ààwẹ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ tètè sọ fún un, nítorí warfarin lè pa ọmọ inú lára.

Ẹ̀yin ará Arimogija, bí mímí bá nira tàbí ẹsẹ̀ wú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dé Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀, ẹ lọ. Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín, ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó.

Àdúrà kò bá oògùn jà. Ẹni tí ó ní, “Ara mi ti yá,” tí ó da oògùn nù, ni ewu ń dúró dè.