Nọ́ńbà fóònù tó di ẹyọ mẹ́wàá ní Abidjan: Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ sọ́fítíwíà iléeṣẹ́ rẹ̀?

Ní òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2021, gbogbo nọ́ńbà fóònù ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ mẹ́jọ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ di ẹyọ mẹ́wàá.

Ẹni tó ń tajà ní Adjamé tàbí Treichville lè rò pé ọ̀rọ̀ fóònù lásán ni. Ṣùgbọ́n fún báńkì, àwọn tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ orúkọ oníbàárà sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àtúnṣe sọ́fítíwíà ńlá ni. Ìjọba ti dá ọjọ́, kò sì sí iléeṣẹ́ kan tó lè ní kí wọ́n sún un síwájú nítorí tòun.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá sójú táyé báyìí?

Irú rẹ̀ kò tíì tán ní agbègbè yìí. Orílẹ̀-èdè Benin náà fi 01 síwájú àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní 2025, Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ètò rìsíìtì orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní FNE, èyí tó so ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà kọ rìsíìtì mọ́ ẹ̀rọ àwọn agbowó-orí. Ní ọdún kan náà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀" kò fi lè tó mọ́.

Ibo ni wàhálà fara pamọ́ sí?

ARTCI, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Côte d'Ivoire, ló darí ìyípadà náà, nítorí pé nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ti ń tán lọ. Òfin rẹ̀ rọrùn lórí ìwé: fún fóònù alágbèéká, 07 ni ti Orange, 05 ni ti MTN, 01 sì ni ti Moov. Fún fóònù orí tábìlì, 27, 25 àti 21 ni. Ẹyọ méjì yìí yóò wà níwájú, nọ́ńbà àtijọ́ yóò sì tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà àtijọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07, 05 tàbí 01 tẹ́lẹ̀. Tí ẹnjiníà bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fo gbogbo èyí tó bá ti ní 07 níwájú, yóò fi nọ́ńbà tí kò tíì yí padà sílẹ̀. Tó bá sì ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, nọ́ńbà yóò di ẹyọ méjìlá. Kíka iye ẹyọ tó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló lè yanjú rẹ̀, kì í ṣe wíwo iwájú rẹ̀ nìkan.

Èkejì ni pé nọ́ńbà kì í wà lójú kan. Ó wà nínú ìwé gbèsè, nínú ẹ̀rọ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, lórí rìsíìtì, àti nínú àkọsílẹ̀ owó orí fóònù. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù gan-an ni wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀. Tí apá kan bá yí padà tí èkejì kò yí, ẹnì kan ṣoṣo yóò di èèyàn méjì lójú kọ̀ǹpútà, gbèsè rẹ̀ a sì ṣòro tọpa.

Ṣé báńkì ńlá bọ́ nínú rẹ̀?

Rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ mílíọ̀nù 5.2 lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 nínú wọn kò rí owó wọn dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwádìí fi hàn pé ibùdó kọ̀ǹpútà méjì ni báńkì náà fẹ́ lò, ọ̀kan péré ni wọ́n sì dán wò dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé e.

Ní Nàìjíríà, GTBank kó lọ sórí sọ́fítíwíà Finacle ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ṣáájú, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà.

Báwo ni ewu ṣe lè dínkù?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọjọ́ ìyípadà tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ náà ṣe é pín sí mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà máa gba ti àtijọ́ àti ti tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àkọsílẹ̀ padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ ni kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn ti àtijọ́.

• Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ẹ̀dà náà dá iṣẹ́ padà. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò kò ṣe é gbọ́kàn lé.

• Ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní ẹ̀ka kan kó tó kan gbogbo ẹ̀ka.

• Ẹ yan ọjọ́ tí ọjà kò yá. Ti Abidjan bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, èyí dára, ṣùgbọ́n ìparí oṣù náà ni, nígbà tí owó oṣù àti ìṣirò ń dúró de èèyàn.

• Ẹ fi wákàtí kan sí i pé bí nǹkan kò bá lọ déédéé títí di ìgbà náà, ẹ ó padà sí ti àtijọ́. Kí ẹni tí yóò pàṣẹ rẹ̀ ti di mímọ̀ ṣáájú.

• Ẹ gba gbogbo ohun tí ẹ ó lò sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ó sì kan ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan Nàìjíríà.

Oníṣòwò kékeré ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Abidjan, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, kò ní ẹnjiníà tiwọn. Ẹni tó ta sọ́fítíwíà fún wọn ni wọ́n gbójú lé. Ìbéèrè mẹ́ta tó fún irú wọn: Ta ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀? Báwo la ṣe máa padà bí ó bá kọ̀? Nọ́ńbà ta ni màá pè ní ọjọ́ Àìkú?

Bí ẹni náà kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí oníṣòwò má tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kó kọ́kọ́ tẹ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó àti iye tí wọ́n jẹ sórí ìwé.