ÌDÍLÉ WA: Bí Ìjọba Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ẹni Bá Ń Wó

 

Ọ̀rọ̀ eré ni a mú wá lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ń ta ayò kan tí à ń pè ní Diplomacy, àwọn kan lórí tábìlì, àwọn mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bi wá pé: bí ìjọba tí ó bọ́ sí ẹni lọ́wọ́ bá ń wó, tí àwọn aládùúgbò ń gba ìlú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé kí olúwarẹ̀ dìde kúrò nídìí ayò ni, àbí kí ó máa bá a lọ? Àwọn òbí pẹ̀lú bi wá bóyá ayò tí ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀ yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Ìbéèrè méjèèjì tọ́, a ó sì dáhùn wọn bí agbára wa ti mọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ayò náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Allan Calhamer, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é ní ọdún 1954. Nígbà tí kò rí ilé-iṣẹ́ tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe 500 ní ọdún 1959. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ apínlẹ́tà ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì kú ní ọdún 2013. Ó bá a mu pé láti ọdún 1963 ni àwọn ènìyàn ti ń fi lẹ́tà ta ayò apínlẹ́tà yìí láti ìlú dé ìlú.

Àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1901 ni pátákó rẹ̀. Ènìyàn méje ni ó ń ta á: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Rọ́ṣíà, Tọ́kì, àti Ọstíríà òun Họ́ngárì tí wọ́n jẹ́ ìjọba kan ṣoṣo nígbà náà. Ìlú 34 ni ó dà bí àká lórí pátákó náà, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ń bọ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan tàbí ọkọ̀ ogun kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba kọ̀ọ̀kan ní àká mẹ́ta, Rọ́ṣíà nìkan ni ó ní mẹ́rin. 12 tí ó kù kò ní olúwa. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní 18 ni ó borí.

A kì í ta á bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Kò sí oríire tàbí oríburúkú nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ọmọ-ogun ń rìn, ní ìgbà ìrúwé àti ní ìgbà ìwọ́wé. Kí wọ́n tó rìn, àwọn atayò á bọ́ sí kọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà oníkálukú á kọ àṣẹ rẹ̀ sí ìwé ní ìkọ̀kọ̀, a ó sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ-ogun dọ́gba. Bí ẹyọ kan bá kọ lu ẹyọ kan, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀. Àfi ẹni tí ẹlòmíràn bá tì lẹ́yìn. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ayò yìí sì dúró lórí òwe náà.

Nísinsìnyí, ẹ wo ẹni tí Ọstíríà bá bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn tí ó mọ ayò náà dáadáa mọ̀ pé ibẹ̀ nira. Ìlú mẹ́ta ni ó ní: Vienna, Budapest àti Trieste. Rọ́ṣíà wà ní ìlà oòrùn, Tọ́kì ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Ítálì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé Venice tí í ṣe ti Ítálì àti Trieste fi ara kan ara. Bí mẹ́ta yìí bá fi ohùn ṣọ̀kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè má pé tí Ọstíríà yóò fi parẹ́. Kí ni kí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ìkíní, kí ó ka àká rẹ̀ kí ó tó ka ọmọ-ogun rẹ̀. Ní òpin ọdún, iye àká ni iye ọmọ-ogun tí ènìyàn lè bọ́. Ẹni tí ó pàdánù ìlú kan gbọ́dọ̀ tú ẹgbẹ́ kan ká. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò kíyè sí ni pé inú ìlú tirẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni a ti lè kó ọmọ-ogun tuntun jọ. Bí ó bá gba ìlú mẹ́rin lókèèrè tí ọ̀tá sì jókòó sí Vienna, Budapest àti Trieste, kò lè fi ẹyọ kan kún ogun rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó bá kan kí a tú ẹgbẹ́ kan ká, èyí tí ó wà lọ́nà jíjìn ni kí ó lọ, kí èyí tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé dúró. Àwọn kan a máa bẹ̀rẹ̀ ayò pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún pè: wọ́n á ká ara wọn jọ bí òòrẹ̀, ẹ̀gún níta, ikùn nínú, títí wọn yóò fi mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́.

Èkejì, kí ó má ṣe bá gbogbo ènìyàn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó lé eku méjì a pòfo. Ẹni tí eku mẹ́ta ń lé ńkọ́? Kí ó yan ẹnìkan kí ó sì bá a ṣe àdéhùn tòótọ́. Ítálì ni ó sábà máa ń yẹ jù, nítorí pé bí Ọstíríà bá wó, Rọ́ṣíà tàbí Tọ́kì tí ó ti sanra ni yóò di aládùúgbò Ítálì. Ọ̀nà kan tí àwọn méjèèjì fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni èyí: Ọstíríà á di ilẹ̀ mú, Ítálì á fi ọkọ̀ ogun kó ọmọ-ogun gba orí omi lọ bá Tọ́kì. Lepanto ni àwọn atayò ń pe ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Rosárì mọ orúkọ náà: ogun ojú omi tí wọ́n jà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1571 ni, ọjọ́ yẹn ni a sì fi ń ṣe ọdún Màríà Ìyá Rosárì títí di òní.

Ẹ̀kẹta, kí ó wá ìwúlò ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ méjì péré kò lè halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè mú kí ẹni ńlá kan gba ìlú tàbí kí ó kùnà. Bí ẹnìkan bá ti ń súnmọ́ 18, gbogbo àwọn yòókù ni yóò máa wá ẹni tí yóò bá wọn dí ojú ọ̀nà. Nígbà náà ni aláìlera á di ẹni tí à ń bẹ̀. Òfin sì gbà pé bí gbogbo àwọn tí ó ṣẹ́kù bá fi ohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n parí ayò ní ọ̀mì. Ẹni tí ó ní àká kan, tí kò sá lọ, á ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe dìde kúrò nídìí ayò. Èyí ni ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí atayò kan bá fi ìjọba rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ kì í kúrò lórí pátákó. Wọ́n á dúró sójú kan, ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wọn mọ́, ẹni tí ó bá súnmọ́ wọn jù ni yóò sì kó ìlú wọn láìlàágùn. Kì í ṣe òun nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí ó fọkàn tán an ni ó ti dà, ó sì ti fi ìṣẹ́gun ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ó ba eré ẹni mẹ́fà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn wá kù. Òfin ayò náà sọ gbangba pé àdéhùn kankan kò de ẹnikẹ́ni, gbogbo àwọn tí ó jókòó ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣe bí ẹni ń lọ sí ọ̀tún tí ó sì gba òsì kọjá. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ààlà wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi orúkọ Ọlọ́run búra nínú ayò, tàbí tí ó fi ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ti kúrò nínú eré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá gbé ìbínú ayò dé ilé, tí kò kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kejì. Kí ẹ̀yin òbí ṣọ́ ibi méjèèjì yìí. Kí ẹ ṣọ́ àkókò pẹ̀lú, nítorí pé ayò kan lórí tábìlì lè gba wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A sì fẹ́ fi kún un pé òótọ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ níbẹ̀ pàápàá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta kéde ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Cicero, tí ó bá àwọn ènìyàn ta ayò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ayò 40, àmì tí ó gbà ju ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí ó ṣe é ní àwọn kọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa bá ohun tí ó fẹ́ ṣe mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí mìíràn tọ́ka sí ibi tí ó ti tan ènìyàn jẹ. Fún aláìlera, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni owó rẹ̀. Bí ó bá ná an ní ìnákúnàá, kí ni yóò fi ra ìrànlọ́wọ́ lọ́la?

Ẹ̀yin ará, ìjọba Ọstíríà kì í ṣe ti orí pátákó nìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1916, láàárín ogun ńlá, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Karl. Ìjọba náà ti ń wó nígbà tí ó gorí ìtẹ́. Ní ọdún 1917 ó gba ọwọ́ arákùnrin ìyàwó rẹ̀ wá àlàáfíà ní ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ Faransé, kò bọ́ sí i. Ní ọdún 1918 ìjọba náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1922, ní ẹni ọdún 34. Nígbà tí Bàbá Mímọ́ Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún ní ọdún 2004, ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ni a fi ṣe ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó gorí ìtẹ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ó kú. Ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Zita ṣe ìgbéyàwó ni.

Ilẹ̀ wa kò sí lórí pátákó ayò náà. Etí òkun àríwá nìkan ni ó wà níbẹ̀ nínú gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ìwó ìjọba jẹ́. Ní ọdún 1886 ogun Dahomey pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ní ọdún 1889 Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà tí ó mú kí Kétu wà ní apá kan, kí Ìmẹ̀kọ tí wọ́n jọ wà lábẹ́ Alákétu sì bọ́ sí apá kejì. Síbẹ̀, nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Abomey ní ọdún 1892, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá, wọ́n ṣán igbó tí ó ti bo ilé, wọ́n sì tún ìlú kọ́. Bí wọ́n bá ti sọ pé ó tán, kò bá tán lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ ni ilé. A mọ bàbá tí ọjà rẹ̀ ṣubú, tí gbèsè dé, tí kò lè wojú ìyàwó rẹ̀ mọ́, tí ó sì gba ọ̀nà ìlú òkèèrè lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ-ogun tí kò ní ẹni tí yóò pàṣẹ fún wọn. Bàbá tí ó wà nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀, jọ̀wọ́, jókòó. Ka àká rẹ kí o tó ka ìnáwó rẹ. Jẹ́ kí ohun tí ó wà lókèèrè lọ, kí o di ilé mú. Sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ ní alẹ́ òní, nítorí pé òun ni olùtìlẹ́yìn rẹ àkọ́kọ́. Yan onígbèsè kan, lọ bá a, dá ọjọ́ tí o mọ̀ pé o lè pa mọ́. Ìgbà ìwọ́wé kan kọ́ ni òpin ayò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bi wá ní ìbéèrè yìí, ẹ máa ta ayò yín ní àkókò tí ó yẹ, kí ẹ sì máa kọ àṣẹ yín títí ìlú ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń jókòó ti ohun kékeré tí ó ṣẹ́kù yóò wúlò fún ilé rẹ̀ lọ́la.

Kí Ọlọ́run bùkún ìdílé wa gbogbo. Ó di ìgbà mìíràn.